Ẹni Tó Ń Ka Nọ́ńbà

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní, "Àbúrò ẹ ṣáà ni." Mo mọ̀ pé àbúrò mi ni. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní ará ìta ló ṣe é, ǹ bá ti ṣépè fún un, ǹ bá sì ti lọ sùn.

Aránṣọ ni mí. Mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé, mo sì mọ̀ ọ́n rán, mi ò yin ara mi, ẹ lọ béèrè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ti ń wọlé ní báálì báálì, oníbàárà tó ń wá sọ́dọ̀ mi ò fẹ́ aṣọ tuntun mọ́. Síìpù ló já, tàbí ìdí ṣòkòtò ló ya. Ojú mi náà ò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Màá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ títí màá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá tètè wá nǹkan mìíràn ṣe, ebi máa bá mi nídìí ẹ̀rọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ilé tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì ní àdúgbò wa: Ìpìlẹ̀ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ètò Okòwò, ní ìrọ̀lẹ́, àgbà àti ọmọdé. Mo rẹ́rìn-ín. Ìbánisọ̀rọ̀ kẹ̀? Èmi tí wọ́n ń torí ẹnu mi sá fún! Ṣùgbọ́n mo wọlé, mo forúkọ sílẹ̀, mo sì forúkọ àbúrò mi sílẹ̀ pẹ̀lú tèmi. Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó fi orí kan ga jù mí lọ. Ilé ìtajà tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, ó kàn jókòó ti Màmá wa ni, ó ń wo òrùlé. Màmá ní, "Jọ̀ọ́, má fi àbúrò ẹ sílẹ̀." Mo ní, "Màmá, ìgbà wo ni mo fi í sílẹ̀ rí?"

Tíṣà tó ń kọ́ wa ti fi gígun òpó nẹ́tíwọọ̀kì jẹun rí, títí orúnkún rẹ̀ fi ní òun ò ṣe mọ́. Ó máa ń na ẹsẹ̀ kan sórí àga bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé fún wa bí ohùn èèyàn ṣe ń di ìgbì, tí ìgbì á gba afẹ́fẹ́ lọ, tí á tún padà di ohùn lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́. Ó fi okùn gíláàsì hàn wá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó ní inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń sáré gbà tó fi ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri. Ó wá gbé díìṣì kékeré méjì sórí tábìlì, ó kọ ojú wọn síra. Ó ní ibi tí okùn ò bá lè dé, èyí á débẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì tirẹ̀ kì í yà, kì í ṣẹ́rí. "Ojú gbọ́dọ̀ rí ojú. Bí òkè bá ti dí i, ó parí."

Kékeré fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ohun kan náà ló sọ sí wa lọ́kàn.

Ilé Màmá wà ní ìsàlẹ̀ òkè tí èmi ní ṣọ́ọ̀bù sí. Gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn, nẹ́tíwọọ̀kì kì í débẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ní ilé ìwòsàn kékeré níbẹ̀, bó bá fẹ́ pe dókítà, á sáré gun òkè wá sí títì, á na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi já èso. Okùn gíláàsì sì gba iwájú ilé alájà mẹ́ta Bàbá Oníbúrẹ́dì kọjá lórí òkè. Èmi ni mo máa ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Bàbá. Mo ti dúró lórí òrùlé rẹ̀ rí, mo sì rí pèpéle táǹkì omi Màmá kedere bíi pé kí n nawọ́ mú un. Kò sí ilé mìíràn lórí òkè náà tó rí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà dé orí ètò okòwò, kálukú ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹnì kan fẹ́ máa ta fóònù, ẹlòmíì fẹ́ máa tún un ṣe. Mo dìde, mo ní èmi máa gba íńtánẹ́ẹ̀tì sórí òrùlé Bàbá Oníbúrẹ́dì, màá jù ú sílẹ̀ sí pèpéle táǹkì ìyá mi, màá pín in fún gbogbo ìsàlẹ̀, kálukú á máa san ti oṣù. Tíṣà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àga. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ibo lẹ ti rí èyí?" Orí mi wú. Ó ní ìbéèrè kan péré lòun ní: kí ló lè bà á jẹ́? Mo ní òjò, mo ní àìsí iná, mo ní olè. Mo kà wọ́n tán pátá. Mi ò ka Kékeré, tó jókòó tì mí tó ń pàtẹ́wọ́.

Mo ta ẹ̀rọ ńlá mi, èyí tó ń fi iná ṣiṣẹ́, mo fi ra díìṣì méjèèjì àti gbogbo ohun tó bá a rìn. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Mo sọ fún Kékeré pé, "Wò ó, bí èyí ò bá jẹ́, mi ò ní ibi tí màá padà sí o." Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó máa jẹ́."

Lọ́jọ́ tí a máa dán an wò, ó gun òrùlé Bàbá Oníbúrẹ́dì, èmi gun pèpéle táǹkì Màmá. Tíṣà yá wa ní rédíò ìléwọ́ méjì tí a ó fi máa bára wa sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi. Ẹni méjì ò gbọ́dọ̀ yí díìṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan á máa yí tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnì kejì á jókòó jẹ́ẹ́, á máa ka nọ́ńbà tó ń hàn lójú fóònù fún un. Nọ́ńbà náà dà bí ibà, bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni ara ṣe ń yá. Bó bá jẹ́ ọgọ́ta, ẹ ti ṣe é. Bó bá jẹ́ àádọ́rùn-ún, òkú ni. Ẹni tó ń yí kì í wo nọ́ńbà. Ojú rẹ̀ wà lára síkúrúù, etí rẹ̀ wà lẹ́nu ẹnì kejì.

"Kékeré, èló ló wà níbẹ̀?"

"Àádọ́rùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo yí i sọ́tùn-ún bí ìbú èékánná. "Ní báyìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà ló wà."

Mo yí i sósì. Mo gbé e sókè. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Oòrùn ń jó mi látàrí, apá ń ro mí gooro. "Ṣé ò ń wò ó dáadáa?"

"Mò ń wò ó. Kò gbé nǹkan kan. Ó jọ pé òkè ló dí i."

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń sunkún lórí rédíò. Ó ní, "Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe ara yín léṣe nítorí èyí." Èmi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún! Mo jókòó sórí pèpéle yẹn, mo ní, "Dákẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."

Ó bá mi tú díìṣì méjèèjì. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó máa rà á, bí kò tiẹ̀ ní san iye tí a rà á. Ó gbé owó dé, mo sì yọ nínú rẹ̀ fún un, mo ní kó fi ra bàtà, torí wàhálà tó ti ṣe. Bàtà! Ẹ ò rí ayé mi?

Nígbà tí kóòsì parí, Tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò yé òun, pé òun fúnra òun ti lọ wo òkè yẹn, ojú rí ojú. Ó ní, "Díìṣì tiyín náà ń fi nọ́ńbà hàn. Ṣé ẹ fi fóònù wò ó?" Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ wa, mo tiẹ̀ gba máàkì níbẹ̀. Mo wò ó bíi pé orí rẹ̀ dàrú. Mo ní, "Tíṣà, àbúrò mi ló ń kà á fún mi." Ó ní òun ti gbọ́.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Mo gbà pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, pé mo ti dàgbà jù, pé ta ló ní kí aránṣọ lọ máa bá díìṣì ṣeré. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì níbi kan, màá rọra dìde níbẹ̀. Màmá nìkan ló ń tù mí nínú. Ó ní kí n má wulẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀ wá sílé mọ́, pé òkè yẹn ti pọ̀ jù fún orúnkún mi, òun ni òun á máa gùn ún wá. Ó sì ń wá lóòótọ́. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á bá mi tú òwú kúrò lára aṣọ, á máa ṣàdúrà fún mi. Mo ń fi í yangàn fún àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ mi, mo ní irú ìyá wo rèé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá kí n bá a dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù. Kò tíì jókòó tó ti ń dúpẹ́.

"Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín. Dókítà ti ń rí àwọn aláìsàn mi lójú fóònù báyìí, mi ò gun òkè mọ́."

Mo ní, "Iṣẹ́ wo?"

"Íńtánẹ́ẹ̀tì yín náà ni. Kékeré ló wá so ó fún wa. Ó ní iṣẹ́ ẹbí ni." Ó wo ojú mi. "Àbí mo ṣì í sọ?"

Mo ní rárá, kò ṣì í sọ. Mo wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Oníbúrẹ́dì lọ.

Bàbá ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lápá. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Aránṣọ! Ṣé o wá wo iṣẹ́ yín ni?" Mo ń gun àtẹ̀gùn lọ, òun náà ń mí hẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn mi. Díìṣì mi wà lórí òrùlé. Ó kọjú sí ìsàlẹ̀, mo sì wo ibi tó kọjú sí, mo rí ìkejì rẹ̀ lórí pèpéle táǹkì ìyá mi, ó ń kọ mànà nínú oòrùn. Mo bi Bàbá pé ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀.

"Ṣebí ọjọ́ tí ẹ dán an wò náà ló ti wọlé," ni Bàbá wí. "Mo wà níbí. Ó pariwo ọgọ́ta, ọgọ́ta, ó ń fò, díẹ̀ ló kù kó já lulẹ̀. Kò tíì tẹ rédíò. Ìgbà tó yá ló fọwọ́ bò ó, ó ní kí n má dún, pé òun fẹ́ fi yà ọ́ lẹ́nu ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹnu ò yà ọ́ ni?"

Mo ní, "Ó yà mí, Bàbá."

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ òkè yẹn. Àwọn èèyàn ń kí mi, mo ń kọjá lára wọn. Mi ò wọlé tààrà, mo kọ́kọ́ gun pèpéle táǹkì. Wọ́n ti dè é padà sójú àpá tí síkúrúù mi dá sára irin lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́. Mo yọ fóònù mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tí Tíṣà fún gbogbo kíláàsì. Kékeré ò tiẹ̀ yí i padà. Ọgọ́ta ló jáde. Mo wò ó, mo sunkún. Kì í ṣe tìtorí owó. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń pe ara mi ní dìndìnrìn yẹn, mo ti ṣe é. Mo ti ṣe é, ó sì pé, ẹni tó rí i pé ó pé ló ń sọ fún mi pé òkú ni.

Kékeré àti Màmá wà ní yàrá ìgbàlejò, wọ́n ń mu tíì. Nígbà tí wọ́n rí mi, ife Kékeré dúró ní agbedeméjì.

"Èló lo rí lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Èló?"

"Ọgọ́ta." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Apá ń ro mí, mò ń bi ọ́, mò ń bi ọ́, ọgọ́ta ló wà níwájú ẹ?"

"Kì í ṣe látìbẹ̀rẹ̀." Ó gbé ife sílẹ̀. "Nígbà tó wọlé, mo fẹ́ pè yín. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ pè yín. Mo wá rò ó pé bí mo bá ti pè yín, ó di tiyín nìyẹn. Gbogbo nǹkan ni tiyín. Èmi á máa gbé àkàbà tẹ̀lé yín, wọ́n á máa pè mí ní àbúrò Aránṣọ títí màá fi kú. Mo kàn fẹ́ ní ohun kan tó jẹ́ tèmi."

"Tìẹ? Pẹ̀lú díìṣì mi?"

"Mo rà á lọ́wọ́ yín."

"Owó ta lo fi rà á? Ìwọ tí ò ń jókòó sílé?"

Ó yíjú sí Màmá.

Mo di ẹ̀yìn àga mú. Màmá ò gbójú sókè, ó ń fi ìka fa ìlà sára tábìlì. Ó ní, "Owó tí mo fi pamọ́ ni. Ìwọ níṣẹ́ lọ́wọ́, o ò lè ṣubú. Òun ni ò ní nǹkan kan. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ẹ sọ fún mi! Ẹ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, Màmá. Ẹ bá mi tú òwú. Ẹ ń ṣàdúrà fún mi."

"Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é."

"Ẹ ní kí n má sọ̀kalẹ̀ wá mọ́, nítorí orúnkún mi."

Kékeré ló sọ̀rọ̀, ó ń yára sọ ọ́ bíi pé ó ti há a sórí. "A ti ya ipò kan sọ́tọ̀ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. A fẹ́ gbé e dé àdúgbò tó kàn, mi ò lè dá a ṣe, kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó yín. A ti ṣètò rẹ̀. A mọ̀ pé ẹ máa bínú, a ti rò ó mọ́ ọn. Màmá ní ẹ máa bínú fúngbà díẹ̀, ẹ sì máa rọ̀."

"Àbí?" ni Màmá wí. Ó wá gbójú sókè, ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo mọ ọmọ tí mo bí. Ìwọ kì í di èèyàn sínú."

Ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ti rò mí mọ́ ọn. Wọ́n jókòó nínú ilé yìí, wọ́n wo ìbínú mi, wọ́n ní kò tó nǹkan. Wọ́n ti ná ìdáríjì mi kí n tó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ mí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ bẹ̀rù mi díẹ̀, ì bá sàn.

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Màmá ní, "Kí ni?"

"Pé màá rọ̀. Ta ló sọ fún yín?"

Mo jáde. Mo gun òkè padà, orúnkún mi ò sì ṣe mí ní nǹkan kan.

Mi ò fọwọ́ kan díìṣì wọn. Ẹnì kan ní kí n lọ gé okùn rẹ̀, mo lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tíṣà gbọ́, ó wá. Kò rán mi létí ìbéèrè tó bi mí ní kíláàsì, pé kí ló lè bà á jẹ́, ó ṣeun. Ó ní òkè mìíràn wà lápá kejì, ìsàlẹ̀ mìíràn sì wà nídìí rẹ̀, pé iṣẹ́ náà ṣì wà ní ọpọlọ mi, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ta ló máa kà á fún mi?" Ó ní òun á wá ẹnì kan fún mi, ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹni tí a jọ jáde nínú ikùn kan náà ni mo mú lọ nígbà àkọ́kọ́. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, ó dìde, ó sì lọ. Èmi náà padà sídìí ìdí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá wá. Mo rí i látọ̀nà, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó mú búláòsì kan jáde nínú àpò, ó ní kí n bá òun dín apá rẹ̀ kù. Mo gbà á, mo wò ó, mo rí i pé kò sí ohun tó ṣe apá náà. Mo gbé e lé orí aṣọ àwọn oníbàárà yòókù.

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ padà wá gbà á lọ́la."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi, mà."

Ó di àpò rẹ̀ mọ́ra. Mo rí i. Ọkàn mi fà sí i, ẹ má rò pé kò fà sí i, òkúta kọ́ ni mí. Ó na apá rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ó dáa, wá wọ̀n ọ́n."

Téèpù wà lọ́rùn mi. Mi ò dìde. Mo ní, "Mo mọ ìwọ̀n yín, mà." Ó ká apá náà kò, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.